Ike Tó Sán Lára Alùpùpù Mi

Ojúlé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Tẹ́ńpìlì Ìyá Òkun,
Tainan.
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún òṣùpá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Siok-hun,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ará Hualien wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le. Àní ó le débi pé n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kọ lẹ́tà yìí, ayọ̀ ni kò jẹ́ kí ìdí mi balẹ̀. Fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ tèmi.

O rántí ohun tí Kian-tiong ọmọ mi sọ nídìí oúnjẹ ọdún tuntun: "Màámi, ẹ ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin. Bí mo bá tún rí ojú kan tó sán lára màṣíìnì yìí, ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi ni o." Ìwọ náà mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn jẹ́ fún mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, alùpùpù yẹn ni ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń gbé mi lọ ra ẹja láàárọ̀, òun ló ń gbé mi lọ sí tẹ́ńpìlì. Bí wọ́n bá gbà á, ojú fèrèsé ni n ó máa jókòó sí, tí n ó máa wo ọ̀nà ẹni tí yóò wá gbé mi.

Ó ku ọjọ́ méje kí ọdún òṣùpá pé ni ọ̀ràn dé. Níwájú tẹ́ńpìlì, àwọn alùpùpù fún pọ̀ débi pé ọwọ́ kò lè gba àárín wọn. Bí mo ṣe ń fa tèmi jáde, gbàù! Ó ṣubú lu etí ọ̀nà, ike ara rẹ̀ lápá ọ̀tún sì sán, ó gùn tó apá mi. Ta ni kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà la ti ń sun ẹran lọ́jọ́ ọdún òṣùpá, kí á lè máa wo òṣùpá tó yọ rogodo? Ẹnu ọ̀nà náà ni màṣíìnì ń gbé. Kò síbi tí mo lè fi í pa mọ́ sí.

Gọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ fi lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ mọ́ épírọ́ọ̀nù mi, àfi ìgbà tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ náà. Nígbà tí mo sì gùn ún kọjá ojú irin rélùwéè, ó tún lanu, bí ẹni ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Baba Hok-lai ló gbọ́ ariwo mi. Aládùúgbò wa ni, ogójì ọdún ló fi tún alùpùpù ṣe kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó ní, "Ìyá Kian-tiong, ta ló sọ fún ọ pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń tún un ṣe? Ike ni wọ́n fi ń di ike. Tú u wá síbí, kí o yéé ké bí ẹlẹ́dẹ̀."

Siok-hun, orí tábìlì ìdáná mi la ti ṣiṣẹ́! Bàbá ń sọ, èmi ń ṣe. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí ibi tí ojú sísán náà parí sí, kó má baà sá síwájú sí i. Mo tẹ nẹ́ẹ̀tì onírin wẹ́wẹ́ mọ́ ọn láti inú pẹ̀lú irin tí àwọn atúnrédíò-ṣe fi ń jó wáyà. A gé àjákù ike irú rẹ̀ wẹ́wẹ́, a rẹ ẹ́ sínú omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó yọ́, ó ki bí ẹ̀kọ ìrẹsì, mo sì fi í dí ojú ibẹ̀. Gbogbo fèrèsé la ṣí nítorí òórùn rẹ̀.

Nígbà tó gbẹ, ó kan sáńpépà àti omi. Bàbá á fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ wò: "Òkè wà níbí." Màá ha á. "O ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀ báyìí. Dí i padà." Díẹ̀ ló kù kí n ju sáńpépà lù ú. Ní ọjọ́ kẹta, ìka rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò dúró níbì kankan. Ó ní, "Níbo ló tilẹ̀ ti sán ná?" Inú mi dùn, mo pariwo, ajá rẹ̀ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!

Mo kùn ún ní ọ̀dà. Kí ọ̀dà má baà ṣoríkunkun, mo gbé àpò ìpanu aláwọ̀ ewé, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "gbọ́ràn", ka orí ìjókòó, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹ̀rọ tí a fẹ́ kó gbọ́ràn. Aláwọ̀ ewé gan-an ni o, àwọ̀ iná ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n kò mú òmíràn.

Ọjọ́ ọdún pé. Kian-tiong àti Ya-ping ìyàwó rẹ̀ dé. Ọmọ mi yí alùpùpù po lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan. Èmi ń fẹ́ iná èédú, mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe balẹ̀ sórí ìjókòó: "Màámi, ta ló ń gbé èyí fún màṣíìnì tí ara rẹ̀ yá?"

Mo ti gbàgbé àpò náà síbẹ̀! Mo jẹ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ojú ibẹ̀ títí, kò rí i. Síbẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Màámi, kì í ṣe ike ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin nìkan ló kù mí kù." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní, "N kò sí lórí rẹ̀ nígbà tó ṣubú. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣubú, ẹnu mi ni o ó ti gbọ́. Ṣùgbọ́n má sin mí nígbà tí mo ṣì ń lọ ra ẹja." Ẹran ń jóná.

Ni Ya-ping bá gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi tún tèmi náà ṣe? Ó ti tó oṣù méjì tó ti sán. Àwòrán ológbò ni mo lẹ̀ bò ó kí ọmọ yín má baà rí i." Ẹ̀rín pa Baba Hok-lai, tí mo ti pè wá bá wa jẹun, ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Kian-tiong wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sórí ìṣó ara ògiri tó máa ń wà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́ o." Mo ṣèlérí.

Ìyá Òkun yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Orúnkún rẹ yóò fúyẹ́, a ó sì jọ jẹun ọdún tuntun lójúkojú. Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì ń gun alùpùpù,
Siok-tin.

Mo tún rántí: Kian-tiong pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti olè. Ó ní ṣé ẹ̀kọ ike yẹn ń mú ike dúdú, àti pé kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún Ya-ping. Mo ní kó gbé màṣíìnì rẹ̀ wá, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ọwọ́ mi ni yóò wà títí n ó fi mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n gùn.