Ìtọ̀ Tí Bàbá Ọ̀dà Fọ̀

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án

Bàbá Ọ̀dà wá sí kílíníìkì. Bàbá Oyèníran lorúkọ rẹ̀ — èmi nìkan ni mo ń pè é ní Ọ̀dà nínú ìwé yìí, torí mọ́tò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kùn ní Muṣin.

Lésìí la gé jẹjẹrẹ kúrò nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó tó àsìkò ká tún fi páìpù tín-ínrín ti kámẹ́rà wọlé, ká wò ó bóyá ó ti padà. Ó ní láéláé. "Dókítà, páìpù yẹn ò ní wọ ara mi mọ́." Ó sunkún nígbà tá a tì í wọlé lésìí, bàbá tó tó bí mi.

Mo bá ṣèlérí. Àyẹ̀wò tuntun wà tó ń wá àmì jẹjẹrẹ nínú ìtọ̀. Tí kò bá sí àmì, kò sí kámẹ́rà títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 3

Ó gbé ìtọ̀ dé. Ó mọ́ gaara. Mo tilẹ̀ yìn ín.

Ọjọ́ Ajé, 8

Kò sí àmì! Ọ̀gá mi, dókítà àgbà, bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ ká máa lo àyẹ̀wò yìí — mo sì ń yan.

Ìṣẹ́gun, 9

Bàbá Ọ̀dà gbé ọsàn wá dúpẹ́. A ń tàkúrọ̀sọ, ló bá ní òun mọ̀ pé yóò mọ́, òun ti fọ̀ ọ́. Mo ní, ẹ fọ kí ni? Ó ní ìtọ̀. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ lòun ti ń mu omi títí òun fi tọ̀ ọ́, kó má baà dọ̀tí lójú dókítà. "A kì í gbé mọ́tò fún ẹni tó ni ín láìfọ̀ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú sí i. Bí omi bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtọ̀, àmì lè wà níbẹ̀ kí láàbù má rí i. Mo ní kó gbé òmíràn wá, ti ìdájí, kó má mu omi sí i. Ó bínú. Ẹ ti ní kò sí nǹkan, ẹ tún fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ? Ó fi ọsàn sílẹ̀, ó lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Àìkú, 14

Kò gbé fóònù. Ta ló rán mi ní ìlérí?

Ọjọ́rú, 17

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e wá. Ìgò wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ìtọ̀ inú rẹ̀ pọ́n. Bàbá kò wojú mi. "Bó ṣe dọ̀tí nìyẹn o. Ojú ń tì mí." Ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ọjọ́ Ajé, 22

Àmì wà.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ó gbà. Ọ̀gá ló ti kámẹ́rà wọlé. Ọwọ́ mi ni bàbá dì mú, ó ń fún un. Ó wà níbẹ̀ — pupa, kékeré, kò tíì jìn.

Ó bi mí: ṣé ó ti dógùn-ún? Mo ní díẹ̀, bàbá, kò tíì lu páànù. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ yáa ha á kúrò."

Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí mo ní kó máa lọ sílé torí pé ìtọ̀ mọ́. Mi ò bi ìkankan nínú wọn léèrè. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, ọmọlúàbí, wọ́n bọ̀wọ̀ fún dókítà.

Lọ́la ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mu kí ẹ tó tọ̀ fún wa?