Ẹ Má Tíì Ta Mọ́tò Tí Ìyá Fi Eérú Fọ̀

Sí Bàbá mi àti Ìyá mi, ní Ìkọ̀yà.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Bàbá mi, mo kúnlẹ̀. Ìyá mi, mo kúnlẹ̀, ẹ má sì sọ pé kí n tètè dìde nítorí òtútù. Ilẹ̀ ibí tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bí mi. Mo kí Akin àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí gbogbo ìjọ wa, pàápàá ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tí wọn kò yéé béèrè ìgbà tí mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀ o. Ẹ kú ìmúra ìkórè.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí lẹ́tà mi. Fóònù ló sú mi. Tí mo bá pe Bàbá, ẹ ó béèrè bóyá mo ti jẹun, ẹ ó gbàdúrà fún mi, lẹ́yìn náà ẹ ó na fóònù sí Ìyá láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Tí mo bá wá bi Ìyá léèrè nípa mọ́tò, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa o, Ìyá mi. Mo ń gbọ́ bí adìyẹ yín ṣe ń ké. Akin ló ṣí tapólì tí Bàbá fi bo mọ́tò, tó fi fóònù yàwòrán mọ́tò náà hàn mí, tó sì ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Ẹ má bá a jà. Èmi ni mo fi ìbéèrè há a mọ́lẹ̀.

Kí ẹni tó ń kà á tí kò mọ̀ wá lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìjọ fi Bàbá ṣe bàbá ìkórè ọdún yìí, Bàbá sì lọ gbààwẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí rẹ̀. Ìyá tó kù nílé wo mọ́tò tó wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n rí i pé eruku ti bò ó. Wọ́n ní mọ́tò bàbá ìkórè kò gbọdọ̀ rí báyìí, pé kí ọkọ àwọn tó dé, àwọn á ti mú kó dán. Báwo ni Ìyá mi ṣe ń mú nǹkan dán? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Háhá ẹyìn tí a ti fún epo kúrò lára rẹ̀ ni, àti eérú tí a kù, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti apá tí kì í rẹ̀. Ìkòkò Ìyá mi ni àwọn ọmọge fi ń wo ojú kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Ohun tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò náà ni wọ́n gbé, wọ́n fi fọ mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tó gbẹ, tó ṣú, wọ́n rò pé kò tíì mọ́ ni, wọ́n tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu àdín, wọ́n fi pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun. Àdín náà dán ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn pa á tán, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn, mọ́tò dúdú wá di aláwọ̀ eérú.

Bàbá dé, Bàbá kò pariwo. Akin ní ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n rìn yí mọ́tò ká, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n mú tapólì, wọ́n bò ó, wọ́n sì wọlé. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá á wà níwájú nínú sùtánà, Ìyá á máa bọ̀ lẹ́yìn, ilẹ̀ á wà láàárín wọn, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, àga iwájú ni ti Ìyá láti ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ti wọ ilé wa. Ọkùnrin kan ti wá wò ó láti Okitipupa. Kò fẹ́ gùn ún, ó fẹ́ tú u palẹ̀, kó ta irin rẹ̀. Bàbá ní kó padà wá tí ìkórè bá kọjá.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Kánádà níbí nìyẹn. Mo mọ̀ pé Ìyá ti sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé ẹnjiníà ni mí. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ dárí jì wọ́n. Mo ń fọ mọ́tò ni, mo sì ń mú un dán. Iṣẹ́ gidi ni, kò tì mí lójú.

Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ tí à ń fi ìka bù sọ́bẹ̀ nílé, ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń dà á níbí! Iyọ̀ náà á lẹ̀ mọ́ mọ́tò, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwa la ó fọ̀ ọ́ kúrò. Ọwọ́ mi máa ń là. Mo ń fi àdín tí Ìyá fi rán mi pa á, ara èèyàn ni àdín wúlò fún, kì í ṣe ara mọ́tò. Ọjọ́ Ìsinmi ló le jù fún mi, nítorí kò sẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì ibí tó ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kan mo rí pùpùrú rà, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa, mo rò ó, kò rí bíi tiwa rárá, kò sì sí ọbẹ̀ marúgbó tí mo máa fi jẹ ẹ́. Mo jókòó tì í, mo sunkún díẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sórí mọ́tò.

Àwọ̀ mọ́tò yín kò lọ. Ẹ wo omi inú abọ́. Tí kò bá mì, ẹ ó rí ojú yín nínú rẹ̀. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, ẹ kò ní rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ omi náà ṣì ni. Eérú àti háhá ti ha ojú ọ̀dà náà wẹ́wẹ́, òun ni kò jẹ́ kó dán. Tí a bá fi sùúrù pa àwọn ojú ibi tó ha náà rẹ́, yóò dán padà. Péńtà tó sọ fún Bàbá pé àfi kí wọ́n ha gbogbo ọ̀dà rẹ̀ dànù kí wọ́n tún un kùn, ẹ fún un lómi tútù mu, kó máa lọ. Akin náà ní òun fẹ́ yá ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin. Akin, má dán an wò! Tó o bá gbé ẹ̀rọ yẹn sí i, irin lásán lo máa bá nísàlẹ̀.

Mo ti fi agolo mẹ́ta rán ọmọ Erinje kan tó ń bọ̀ wálé, yóò gbé e fún Akin. Abẹ́ àtíbàbà ni kí ẹ ti ṣe é, ní àárọ̀, nígbà tí ara mọ́tò ṣì tutù. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọwo àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ títí àdín yóò fi kúrò pátápátá. Ẹ má lo ọṣẹ dúdú, eérú ṣì ni. Ẹ má lo kànrìnkàn kankan. Síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá tó ti gbó ló dáa jù. Tó bá gbẹ, kí Ìyá ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, kí wọ́n rọra fi ra á lára. Ọwọ́ tó wà nínú ọ̀rá máa ń mọ ibi tí kò tíì jọ̀lọ̀ ju ọwọ́ lásán lọ.

Ohun tó wà nínú agolo kìn-ín-ní nípọn bí ọṣẹ ìfọyín. Ó ní iyanrìn nínú, ṣùgbọ́n ó kúnná débi pé ojú kò lè rí i. Ti agolo kejì kúnná jù ú lọ, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, níbi kékeré kan lẹ́yìn mọ́tò. Tí ibẹ̀ bá dán, ẹ kò nílò ti àkọ́kọ́ níbẹ̀. Tí kò bá dán, ẹ wá fi ti àkọ́kọ́ pa á, kí ẹ sì fi ti kejì tẹ̀ lé e. Ibi tó tó fífẹ̀ abọ́ oúnjẹ ni kí ẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ yẹra fún etí ilẹ̀kùn àti gbogbo ibi tí irin ti ṣẹ́ kọ́nà, ọ̀dà kì í nípọn níbẹ̀. Tó bá dán tán, ìda ló wà nínú agolo kẹta. Ẹ fi ṣe àṣekágbá kí eruku má bàa rí i lẹ̀ mọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ibì kan wà tí kò ní padà. Ilẹ̀kùn iwájú, lábẹ́ fèrèsé, níbi tí Ìyá máa ń gbé apá lé tí ẹ bá ń lọ. Akin fi hàn mí, ọ̀dà pupa abẹ́ ti yọ. Ibẹ̀ ni Ìyá fọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí tiwọn. Ẹ fi ìda pa á, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá Ìyá ni yóò máa bò ó.

Ó ku ohun kan, òun ló ṣòro jù. Ẹnì kan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó ń pa á sún mọ́ ọn jù, kò lè rí ibi tó ṣì ṣú. Ní ibi iṣẹ́ wa, ẹnì kan á máa pa á, ẹnì kejì á dúró lókèèrè, á tẹ orí sọ́tùn-ún, á tẹ ẹ́ sósì, á máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára rẹ̀, á sì máa sọ pé ó kù lápá ibí, ó kù lápá ọ̀hún. Ẹni tó mọ mọ́tò náà jù la máa ń fi síbẹ̀. Ọwọ́ Ìyá ni kó pa á, torí kò sí ọwọ́ tó ní sùúrù tó o nílé wa. Bàbá mi, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé àga sídìí igi ọsàn, kí ẹ máa wò ó. Wíwò nìkan kò tó o. Tí ẹ bá wò ó tí ẹ kò sọ̀rọ̀, Ìyá kò ní mọ ibi tó kù, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Mọ́tò kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni ilẹ̀ tó wà láàárín yín lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà tí mo jìn sí yín ti tó, ẹ má jìn sí ara yín.

Ọlọ́run yóò pa yín mọ́ fún wa. Ẹ ó fi ojú rí èrè iṣẹ́ yín, ìkórè yóò kún, ẹ ó jọ jókòó ní àga iwájú mọ́tò náà wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì wà láàyè nígbà tí mo bá dé. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ bá mi kí ará oko, ẹ bá mi kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi.

Bàbá mi, ojú Ìyá kò ríwèé mọ́, ẹ̀yin lẹ máa ń ka lẹ́tà sókè fún wọn. Èyí náà jẹ́ tiwọn, ẹ kò sì lè ṣàìkà á fún wọn. Tí ẹ bá ti kà á dé ibí, ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má dákẹ́ mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bùnmi