Oríkì Tí Sìlífátù Máa Kì Lọ́la

Bàbá Sìlífátù, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mo ti lọ ṣa obì l'Ágége. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Tíṣà Sìlífátù ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wá sọ̀rọ̀ nípa èèyàn pàtàkì ìlú wọn lọ́la, kí wọ́n sì ki oríkì ilé wọn. Sìlífátù mú bàbá yín, ahunṣọ Ògbómọ̀ṣọ́. Oríkì ilé tiwa ní Ìjẹ̀bú ni mo kọ́ ọ láàárọ̀, òun nìkan ni mo mọ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé Ìjẹ̀bú ni bàbá mi?" Ló bá bú sẹ́kún. Aago méjì ló ń dé láti ilé ìwé. Ẹ ki oríkì ilé yín fún un, kó kọ ọ́ sínú ìwé, síléètì á parẹ́. Ẹ máa ti padà síṣẹ́ kí n tó dé. Èmi náà á kà á, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń kì yín nílé yín.