Ìhágún Mìsítúrà Sàká Nípa Ilé Peckham àti Ìwé Kóòtù tí Sherifdeen Lọ Hú Jáde

Èmi, Mìsítúrà Àbẹ̀ní Sàká, opó Alhaji Sàká, tí mo ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Orí mi pé, dókítà sì ti jẹ́rìí sí i. Bí Sherifdeen ọmọ mi bá ní arúgbó ń ṣarán, ẹ bi í pé ta ni ó ń pè láti béèrè bí a ṣe ń se ẹ̀gúsí. Mo fagi lé gbogbo ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí.

1. Hamid, ọmọ àbúrò mi, ni alámòójútó ìhágún yìí. Kí ó kà á sókè, kí Àsúmáù, àkọ́bí mi, jókòó síwájú. Sherifdeen kò gbọ́dọ̀ dìde títí a ó fi kà á tán.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti Nusaybah, ọmọ Àsúmáù. Òun nìkan ló máa ń tọrọ kó tó fọwọ́ kan nǹkan mi.

3. Ológbò mi di ti Bàrákàt, àbíkẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé irun rẹ̀ ń mú un sín. Kó máa sín. Ológbò ìta ni, síbẹ̀ ó ń wá kí mi láràárọ̀. Bàrákàt kò rí èyí ṣe láti East Dulwich tó wà nítòsí níbí.

4. Ó ku ilé. Alhaji fi ilé yìí sí ìkáwọ́ mi, wọ́n ní kí n pín in fún àwọn ọmọ wọn. Sherifdeen fẹ́ tà á. Àsúmáù, tí ń gbé ibẹ̀, tí ń wẹ̀ mí, kò gbà. Ni Sherifdeen, ọ̀gbẹ́ni onítáì, bá lọ tú ìwé kóòtù àtijọ́. Ó kà á sókè lọ́jọ́ Iléyá, níwájú àlejò, bí Àsúmáù ṣe ń bu ẹran fún un. Ó ní ìwé sọ pé Àsúmáù kì í ṣe ọmọ Alhaji, pé Bọ̀dá Abdulqoyyum, ẹ̀gbọ́n Alhaji, ló bí i. Bàrákàt sì ń mi orí bí alángbá. Ẹ gbà mí o! Àwọn ọmọ tí mo bí ló ní mo bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sùn.

Ẹ jẹ́ kí n là á, nítorí òpè. Nígbà tí èmi àti Alhaji ń kàwé tí a sì ń ṣiṣẹ́, a fún òyìnbó kan, Bethany, ní Àsúmáù tọ́ ní ìlú etí òkun, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe nígbà náà. Nígbà tí a lọ gbà á padà, Bethany kọ̀, ó pè wá lẹ́jọ́ ní kóòtù àgbègbè. Bọ̀dá bá wa lọ. Adájọ́ bi Alhaji pé ọmọ ta ni. Alhaji wo ẹ̀gbọ́n wọn tó jókòó, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Ta ni yóò jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà, tí yóò máa ní tèmi ni, tèmi ni? Akọ̀wé kóòtù kọ ohun tó gbọ́. Sherifdeen, ìwọ tí ń sọ pé "ọmọ yín ni, Mummy" nígbàkígbà tí o bá fẹ́ já àwọn ọmọ rẹ jù sọ́dọ̀ mi, ṣé èmi ni mo bí wọn ni?

Ọ̀rọ̀ tí Alhaji sọ ní kóòtù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé wa kò ṣí ojú ewé kejì. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti dìde, tí wọ́n sọ fún adájọ́ pé àwọn kò bímọ rí láyé àwọn, pé àbúrò àwọn ń bu ọlá fún àwọn ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá ọmọ mi padà fún mi.

Nítorí náà, mo pín ilé náà sí mẹ́ta ọgbọọgba, nítorí ọ̀rọ̀ Alhaji kò ṣeé yí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á níwọ̀n ìgbà tí Àsúmáù bá ṣì fẹ́ gbé ibẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni í gbé ilé tí a kọ́ tà, mo sì kọ́ Sherifdeen títí, kò gbọ́.

5. Ẹ̀dà ìwé kóòtù náà di ti Sherifdeen. Kí òun àti Bàrákàt kà á dé òpin, kí wọ́n sì fi èyí sọ́kàn: nínú ọmọ mẹ́ta tí mo bí, Àsúmáù nìkan ni mo jà fún dé iwájú adájọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò bá mi du yín rí.

Mo fi ọwọ́ ara mi sí i ní Peckham, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Mìsítúrà Àbẹ̀ní Sàká

Àwọn ẹlẹ́rìí, aládùúgbò mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí wọn kò jogún ohunkóhun nínú ìhágún yìí:
Kóyọ̀dé Ọbanijésù
Tinúọlá Ọbanijésù