Okùn Koríko Inú Agbọ̀n Yín

Màmá Àgbà,

Ẹ má bá Ìyá Awuor ilé kejì jà. Èmi ni mo mú okùn koríko tí ẹ fi ń ṣe ọnà sára ìkòkò. Ẹ ti lọ wa amọ̀ létí adágún, ọkọ̀ ò sì ní dúró dè mí. Ẹ má bínú.

Wọ́n pè láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ọ̀gá wọn gbé àfọ́kù ìkòkò kan síwájú mi, ó ní ọ̀bẹ ni wọ́n fi fín in. Mo ní rárá o, okùn ni wọ́n yí lára ẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Ojú ẹ̀ le, mo rò pé mo ti fẹnu ba tèmi jẹ́ ni. Àṣé ó lọ wò ó dáadáa. Òun ló ní kí n mú okùn náà wá lónìí.

Ẹja wà lábẹ́ abọ́. Ológbò ti rí i.

Ẹ̀yin lẹ ń bi mí pé kí ni mò ń fi àfọ́kù ṣe nígbà tí odidi kún ilé. Yunifásítì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hú ohun àtijọ́ nílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ìkòkò, orúkọ yín, Dorsila Abuto, ni mo kọ síbẹ̀.

Akeyo