Yàrá Àwọn Lárúbáwá tí Mo Ṣe de Màrdíyyàh

Akpassi,
ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Jémima ọmọ mi,

Ṣé o jí ire, ṣé o sùn ire, ṣé ara ọkọ rẹ le? Mo kí Luqman àna mi, mo kí Màrdíyyàh ọmọ ọmọ mi, mo kí ẹni tó ń gbé òkè yín àti ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín, nítorí o ní àwọn ilé Cotonou gorí ara wọn, èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá Jémima kí àwọn kan, ó fo àwọn kan. Ẹlẹ́dàá tó ń mú oorun wá kí ó máa mú un wá fún yín pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí ilẹ̀ tó bá mọ́ má ṣe ṣàjèjì sí yín. Bí o bá bi wá léèrè, àlàáfíà la wà. Káṣú ti tán lórí igi, iṣu tuntun ti ń ta nínú ebè. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan kò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́ jẹ́.

Mo rí yàrá àlejò yín tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Ọ̀dọ̀ Safourath ni mo wà, ọ̀rẹ́ mi ará Nàìjíríà tó ń ta epo mọ́tò nínú ìgò lẹ́bàá títì. Nígbà tí àwòrán náà ṣí, tí mo rí ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí mo rí àtùpà wẹ́wẹ́, tí n kò sì rí àga kankan, mo rò pé ẹ ti sọ ilé di ìjọ aláṣọ funfun bíi tiwa, mo bá bọ́ bàtà. Safourath wò ó, ó ní rárá, mọ́sálásí ni, òun náà bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì dúró lẹ́sẹ̀ lásán níwájú fóònù, oníkálùkù ń gbàdúrà tirẹ̀, títí iná ilé yín fi kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo ilé yín díẹ̀ ni iná ibẹ̀ máa ń kú, bí mo bá sì fi ìka kàn án, ẹ óò tún tàn án. Inú mi dùn sí i. Mo sọ fún Safourath pé ọmọ mi kì í fi iná ṣòfò, àmọ́ bó bá ti rí i pé ìyá òun ṣì jókòó, á tún tanná fún un.

Ohun tó kó ìdààmú bá mi ni àga. Mo rí tìmùtìmù gígùn tó yí ògiri ká, mo rí ìrọ̀rí tó pọ́n bí ọsàn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ènìyàn ń jókòó lé níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀. Mo ní ikán ti jẹ ẹsẹ̀ àga ọmọ mi ní Cotonou. Mo ti bu kẹrosíìnì sínú ìgò kí n fi rán Wassiou awakọ̀ takisí sí ọ, kí o fi pa wọ́n, kí Ọ̀gá Issiaka tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé tó dá mi dúró. Ó ní kì í ṣe ikán, pé bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń ṣe yàrá àlejò wọn nìyẹn, wọ́n fẹ́ràn kí ara súnmọ́ ilẹ̀, kí àlejò àti onílé jókòó ní ìwọ̀n kan náà, kí ọmọdé sì lè sùn síbi tí oorun bá ti bá a.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

O mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Lọ́dún tó kọjá tí ẹ wá fún àjọ̀dún iṣu, Màrdíyyàh wọ yàrá tí mo tẹ́ ẹní sí fún un, ó wo òkè àjà, ó wo igun, ó ní òkùnkùn tó wà níbẹ̀ ní ojú, ló bá bú sẹ́kún. Kò gbà kí n gbé òun. Luqman rọra ṣíná mọ́tò, ẹ gbé e lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Savalou. N kò bínú. Mo kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ìró mọ́tò yín títí tó fi dà bí ìró kòkòrò, títí tí n kò fi mọ̀ bóyá mo ṣì ń gbọ́ ọ tàbí mo ń rántí rẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, èmi ìyá ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ bó ṣe ń mí nígbà tó bá sùn.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n ṣe yàrá àwọn Lárúbáwá sí Akpassi. Ohun tó mọ́ ọn lára lọ́dọ̀ yín, kí ó bá a lọ́dọ̀ mi.

Mo pe Bachirou káfíńtà, mo ní kó gé ẹsẹ̀ gbogbo àga wa. Ó bi mí pé èwo ló ṣẹ́, mo ní kò sí èyí tó ṣẹ́. Ó tún bi mí bóyá bàbá ilé mọ̀ sí i, mo ní bàbá ilé wà lóko. Ó fi ọwọ́ pa àga ńlá bàbá rẹ bí ẹni tó ń dágbére fún un, ó wá gbé ayùn. Nígbà tí bàbá rẹ ti oko dé, ó kọ ìdí sí àga rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láìwẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ rìnrìn-àjò kọjá ibi tó máa ń dúró sí. Ó balẹ̀. Ó wo òkè fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Dorcas, ǹjẹ́ o mọ̀ pé àjà ilé wa ga?” Ó ní láti ìgbà tí òun ti kọ́ ilé náà, òun ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń fẹ́ jókòó sí. Dídìde nìkan ni wàhálà rẹ̀, èmi a fà á lápá kan, Safourath a fà á lápá kejì, á máa sọ fún wa pé kò sí ohun tó ń lé òun.

Òwú àràbà ni mo fi kún inú ìrọ̀rí. Bí mo ṣe ń kì í, ó ń fò nínú ilé bí ìkùukùu kéékèèké, ó ń bà lé irun wa, ó ń bà lé ọbẹ̀, bàbá rẹ ń sín, Safourath ń kí i, kò sí ẹni tó kánjú.

Ó wá ku ògiri. Ara ògiri yín ní àwọn ìràwọ̀ tó so kọ́ra, mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀kan lórí fóònù kí n lè mọ ibi tó parí sí, ló bá gbé mi lọ bá ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ṣì ń ro bí mo ṣe máa rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà tí mo gé ilá gbígbó kan fún ọbẹ̀, mo bá wo ojú ibi tí mo gé. Ìràwọ̀ ni, Jémima. Ó ní igun yípo, ihò sì wà láàárín. Ìgbà wo ni mo ti ń gé ilá, n kò wo ojú rẹ̀ rí. Mo fi omi tí mo fi èèpo irúgbá sè pa ògiri, ó pọ́n, ó ń dán. Mo wá ń ti ilá bọ inú aró, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí apá mi ga mọ. Ibi tí apá mi ò dé, mo fi í sílẹ̀ bí ojú ọ̀run tí kò tíì ṣú.

Àtùpà yín tó rọ̀ sókè láàárín yàrá, tó ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni. Mo sọ fún Ọ̀gá Issiaka pé àwọn Lárúbáwá yìí náà ń ṣe gàrí, bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á gbé páànù kọ́ sókè kí ó má baà ha ọmọdé lọ́wọ́, ni ẹnìkan fi tan iná sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó rò ó títí, ó ní òun ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mú páànù tèmi tó ti kú lójú, Bachirou ká a bí ẹni ká ẹní, ó fi wáyà rọ̀ ọ́ mọ́ àjà, a fi tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú rẹ̀, a sì dúró de ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀.

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò kọ̀ọ̀kan jáde, ó bà lé ìràwọ̀ ilá, ó bà lé ojú bàbá rẹ. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, páànù yí, gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé orí omi ni ilé wa wà. Ìyá mi ló fi ìṣó lu páànù yẹn nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ. Níbi tí ọwọ́ ti ń ro ó, àwọn ihò jìnnà síra wọn, mo rí i lára ògiri, ibi tí ìyá mi ti sinmi àti ibi tó ti tún bẹ̀rẹ̀. Safourath dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé Akpassi náà nìyí?” Mo lọ jókòó sí igun tí Màrdíyyàh sọ pé ó lójú, mo wò yíká. Ó dá mi lójú pé ọmọ lè sùn níbẹ̀.

Owó díẹ̀ ló kù kí ó pé. Jọ̀ọ́, fi owó aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ ta sí ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́, àti ti àwo ẹlẹ́sẹ̀ tó wà láàárín yàrá, tí ẹ to ife wẹ́wẹ́ lé. Ife náà kéré, mo rò pé oògùn lẹ ń fi mu, ara ta ni kò yá? Má fi owó sínú fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù sídìí iná mànàmáná títí mo fi lọ gbà á ní Bantè, kí iná má baà jó o. Wassiou ni kí o fi rán.

Kí ẹ wá fún ọdún iṣu, kí ẹ má tíì san owó òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màrdíyyàh bá wọlé tó tún bú sẹ́kún, má bá a wí, má sọ fún un pé màmá ti ṣe wàhálà. N kò ṣe é láti fi ipá mú ọmọ sùn. Ẹ sáà fọwọ́ kàn mí. Màá ti múra sílẹ̀, màá bá yín wọ mọ́tò, àá jọ lọ sùn sí Savalou. Kí n wà níbi tó bá ti sùn ni mo fẹ́, ibi yòówù kó jẹ́. Bí ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì bá sọ pé bẹ́ẹ̀dì kò tó, sọ fún un pé ìyá rẹ ń sùn nílẹ̀, pé ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹní dè yín níbikíbi tó bá ti máa rẹ̀ yín. Kí ilé tí ẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ gbè yín, kí ẹ pẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa rántí ọ̀nà tó wá sí tiwa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dorcas.