Àyè Ojú Rírán

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án
Alábẹ́rẹ́ mi, ogójì ọjọ́ rèé tí o ti fi wá sílẹ̀. Lónìí ni mo tó lè ká aṣọ kúrò lórí maṣíìnì rẹ. Aṣọ funfun tí o rà fún Adájọ́ ọmọ wa ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù, bí o ṣe dì í. Ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ọmọ rẹ ní òun ò ní kúnlẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù àfi nínú aṣọ tí màmá òun ṣèlérí. Mo ní ká gbé e fún télọ̀. Ó wò mí bí adájọ́ ṣe ń wo olè: "Dádì, télọ̀ kọ́ ló ṣèlérí. Ilé yìí ni wọ́n ní àwọn máa ti rán an."

Mo ní èmi máa rán an. Ẹnu mi ló yọ̀. Èmi bíríkìlà!

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe aṣọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọ́, bí a bá ń gbàdúrà, ńṣe ló máa ń la ojú sílẹ̀, á máa wo ògiri. Kì í dáhùn Àmín. Bí kò bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ìgbà tí yóò tún kúnlẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Òwú já. Òwú já. Òwú tún já. Ìyá Àgbà—ìyá tó bí ọ—wá kọ́ mi. Ó jókòó tì mí bí ẹni tó wá wòran. "Rọra fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àna mi. Kì í ṣe amọ̀ lò ń tẹ̀. Ta ló ń lé ẹ?" Mo ní ẹ dákun, Ìyá, ẹ ní sùúrù. "Sùúrù ni mo jẹ dàgbà. Fi òwú míì bọ̀ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí o ti lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni mo fi ń kọ́ ọ. Ojú rírán kan tọ́ lónìí. Mo pe Adájọ́ wá wò ó. "Ó wọ́ díẹ̀." Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò wọ́ o!

Nǹkan ń ṣe mí. Mo ń fi òróró pa àtẹ́lẹwọ́, nítorí sísán tó sán ń fa òwú yọ lára aṣọ. Níbi iṣẹ́ wọ́n ti sọ mí ní Ìyàwó Tuntun. Bí fóòmáànù bá ń sọ̀rọ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni mò ń wò. Arákùnrin tó ń po sìmẹ́ńtì da omi jù sí i. Mi ò pariwo. Mo rántí òwú. Mo ní, "Tún un pò." Gbogbo wọn yíjú wò mí. Bóyá wọ́n rò pé ara mi ò yá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Mo gé e. Funfun yẹn gan-an. Mi ò dúró de Ìyá Àgbà—ìkánjú ni, àbí ìgbéraga? Mo wọn Adájọ́: èjìká, àyà, ìbàdí. Mo gé e gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wọ̀n ọ́n. Igi tí mo fi ń wo ògiri ni mo fi fa ìlà. Ó gún! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Àlùfáà bi mí bóyá ọmọ ti múra tán. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọjọ́rú, 11
Kò wọ̀ ọ́.

Mo ti rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, mo ní kó gbé e wọ̀. Ó há a léjìká, apá rẹ̀ nà sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ìyá Àgbà bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, ó yí i sódì. Ó wáá bi mí: "Àyè ojú rírán dà?"

Mo ní àyè wo?

"Èyí tí abẹ́rẹ́ máa jẹ!"

Alábẹ́rẹ́, iṣẹ́ mi ló tàn mí. Bí mo bá to búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àárín wọn ń bù sí i ni. Ògiri ń gùn sí i. Mi ò mọ̀ pé bí a bá so aṣọ pọ̀, kíkéré ló ń kéré. Ìyá Àgbà ní, "Aṣọ méjì tó bá fẹ́ di ọ̀kan, kálukú á fi díẹ̀ sílẹ̀. Ta ni ò mọ̀yẹn?" Èmi. Èmi ni mi ò mọ̀.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún ọ. Irú ẹ̀ ti tán. Adájọ́ ò sunkún. "Ó parí nìyẹn, Dádì. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ì bá kúkú sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Olúwa," ìbéèrè ló tẹ̀lé e. Jésù náà kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ṣé Òun náà gé pákó kúrú jù rí? Inú mi á dùn bó bá rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12
Ìyá Àgbà ní bí a bá rí funfun mìíràn, a lè fi ìrépé gígùn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí n tó dáhùn, Adájọ́ ti wọ yàrá wa, ó gbé ẹ̀wù akọrin funfun rẹ jáde. Èyí tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀.

"Ẹ gé èyí."

Mo ní rárá. Mo ní òórùn rẹ nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Ó ní, "Dádì, inú àpótí lẹ tì í mọ́. Èmi fẹ́ gbé e wọ̀."

Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ti kọjú sí ògiri. "Èmi ni mo bí i. Gé e kí n tó yí ọkàn padà."

Mo gé e. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi àyè sílẹ̀. Òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ fún mi. Adájọ́ gbà á. "Ẹ kọ́ mi." A jọ rán an—èmi ń tẹ̀ ẹ́, òun ń darí aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Funfun tìrẹ ti pọ́n díẹ̀ ju tuntun lọ. Yóò hàn sí gbogbo ìjọ. Bó bá kúnlẹ̀ tí ojú rírán já ńkọ́? Mo fà á wò. Mo tún fà á. Mo gbàdúrà fún òwú—ta ló ń gbàdúrà fún òwú?

Ọjọ́ Àìkú, 15
Ó kúnlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni mò ń wò. Kò já. Mo wáá gbọ́ Àmín kan, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí a ò ṣí látọjọ́ pípẹ́. Ohùn rẹ̀ ni.

Bó ṣe ń padà bọ̀, ó fọwọ́ di ibi tí ẹ̀wù rẹ wà mú. Ìyá Àgbà sọ sí mi létí: "Bíríkìlà, ó wọ́ díẹ̀ o." Ẹ̀rín pa mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, omijé tẹ̀lé e.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ tún là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe parí, ó bi mí: "Kí la máa rán tẹ̀lé e?" Mo ní ìrọ̀rí.

Alábẹ́rẹ́, mi ò ní da aṣọ bo maṣíìnì rẹ mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá fi òróró sí i, èmi àti ọmọ rẹ á sì jókòó tì í.